ÌMỌ̀ TÍ Ó DÉ ETÍ ODÒ: Ẹ̀kọ́ Lórí Àjọṣe Yunifásítì àti Ará Ìlú fún Ìlera

  

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá sínú ìwé ìròyìn ọdọọdún ilé-kéwú wa yìí dá lórí ìlera. A fẹ́ wo bí àwọn onímọ̀ yunifásítì àti àwọn ará ìlú ṣe lè fọwọ́ sowọ́ pọ̀ láti lé àìsàn jáde láàárín wa. Ẹnìkan lè bèèrè pé kí ni èyí kan ilé-kéwú. Èsì wa ni pé ẹni tí ara rẹ̀ kò dá kò lè gba ààwẹ̀ bí ó ṣe yẹ, ọmọ tí inú ń run kò lè há súrà sórí, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìrun tí a bá kí ni a fi ń tọrọ àlàáfíà lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ohun tí a ń tọrọ lójoojúmọ́, ó yẹ kí a mọ ọ̀nà tí ó ń gbà wá.

1. KÍ NI ÀJỌṢE YÌÍ?

Yunifásítì ni ibi tí ìwé, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n àti awò tí a fi ń rí ohun tí ojú lásán kò lè rí wà. Ìlú ni ibi tí àìsàn fúnra rẹ̀ ń gbé. Dókítà tí ó jókòó sí ọsibítù, ẹni tí àìsàn ti mú tán ni ó ń rí. Kò mọ kànga tí aláìsàn náà ti pọn omi, kò mọ iye ọmọ tí ń sùn sí yàrá kan, kò sì mọ ìdí tí ìyá fi dúró di ọjọ́ kẹta kí ó tó gbé ọmọ wá. Ìyá ọmọ mọ gbogbo ìwọ̀nyí, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí ó wà nínú omi náà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí yunifásítì bá dá iṣẹ́ yìí ṣe, ìwé ni yóò kọ. Bí ìlú bá dá a ṣe, yóò máa tọ́jú aláìsàn láìmọ ibi tí àìsàn ti ń wọlé.

Irú àjọṣe báyìí kì í ṣe àjèjì nínú ìtàn Ìsìláàmù. Ní ọdún 1284, Sultan Qalawun kọ́ ilé ìwòsàn ńlá kan sí ìlú Cairo ní ilẹ̀ Íjíbítì. Àwọn oníṣègùn ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú rẹ̀, àyè sì wà níbẹ̀ fún àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé. Wákáfù, ìyẹn ohun ìní tí a yà sọ́tọ̀ nítorí Ọlọ́hun, ni a fi ń bọ́ ilé ìwòsàn náà, tí a fi ń tọ́jú olówó àti tálákà níbẹ̀. Ìmọ̀ ti ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ wá, ohun ìgbẹ́mìíró ti ara wákáfù wá.

2. ARO, ALÁDÙÚGBÒ WA

Kí a tó lọ sí ọ̀nà jíjìn, ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀gbẹ́ wa. Kò sí ẹni tí kò mọ Aro ní Láfẹ́nwá. Ó dun ni pé èébú ni ọ̀pọ̀ nínú wa sọ orúkọ náà dà: bí ọmọ bá ṣe aṣiwèrè díẹ̀, a ó ní kí a gbé e lọ sí Aro. Ṣùgbọ́n gbogbo àgbáyé ni ó ti gbọ́ nípa Aro fún ohun tí ó dára.

Láyé òyìnbó, ibi tí a ń há àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú mọ́ ni ó wà, irú èyí tí wọ́n ṣí sí Yaba ní 1907 àti èyí tí wọ́n ṣí sí Lántórò níbí ní 1944 nínú ilé ẹ̀wọ̀n àtijọ́. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí a bí ní 1923, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ ètò mìíràn ní Aro. Kò há aláìsàn mọ́. Ó bá àwọn àgbà abúlé tí ó yí ọsibítù ká sọ̀rọ̀, àwọn onílé sì gbà kí àwọn aláìsàn máa gba yàrá lọ́dọ̀ wọn. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ẹbí kan ó kéré tán tí yóò bá a wá, bí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n, tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú ní ọsibítù kí wọ́n tó jọ padà sí abúlé.

Ẹ kíyè sí ohun tí ẹgbẹ́ méjèèjì rí nínú rẹ̀. Aláìsàn kò di ẹni ìtanù, ó ń gbé láàárín ènìyàn. Onílé ń gba owó ilé. Ọsibítù yá àwọn onílé lówó kí wọ́n lè fẹ ilé wọn, ó bá àwọn abúlé wá omi ẹ̀rọ, wọ́n gbẹ́ ṣáláńgá, wọ́n sì ń pa ẹ̀fọn. Nípa báyìí, ètò tí a dá sílẹ̀ fún àwọn tí orí wọn kò pé di ìlera fún àwọn tí orí wọn pé pẹ̀lú. Dókítà Lambo kò sì lé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ dànù, ó mú nínú wọn mọ́ra, nítorí ó mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀pọ̀ aláìsàn kọ́kọ́ ń lọ.

Ní 1961 ni yunifásítì wọ inú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Alexander Leighton ṣáájú wọn, bá Dókítà Lambo àti àwọn òṣìṣẹ́ Aro rìn yí àwọn abúlé ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti Abẹ́òkúta ká. Wọ́n ń bi àwọn ènìyàn léèrè nípa oorun wọn, ìbẹ̀rù wọn àti ìrònú wọn. Ìwé tí wọ́n kọ jáde ní 1963. Lára ohun tí wọ́n rí ni pé abúlé tí ìṣọ̀kan rẹ̀ ti dàrú ni àárẹ̀ ọkàn ti pọ̀ jù, ó sì kéré ní ibi tí àwọn ènìyàn ti ń gbọ́ra wọn yé. Èyí kọ́ wa pé ìṣọ̀kan ìlú fúnra rẹ̀ wà lára ohun tí ń dáàbò bo ọpọlọ.

3. IGBÓ-ỌRÀ, ÌDÈRÈ ÀTI SÒBÌÀ

Ní ọdún 1963 kan náà ni Yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àti ìrànlọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ Rockefeller Foundation ti Amẹ́ríkà, dá ètò ìlera kan sílẹ̀ ní ilẹ̀ Ìbàràpá, ní apá òkè Abẹ́òkúta wa. Wọ́n fi Igbó-Ọrà ṣe ibùdó rẹ̀. Àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Ìbàdàn ń lọ gbé ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kí wọ́n lè mọ àìsàn ní ibi tí ó ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lórí ibùsùn ọsibítù nìkan.

Àìsàn kan tí wọ́n bá níbẹ̀ ni sòbìà. Ẹ̀yin ọmọ kéwú òde òní kò mọ̀ ọ́n, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn bàbá àgbà yín. Aràn gígùn funfun ni, bí okùn tín-ín-rín, tí ń yọ jáde lára ènìyàn, pàápàá ní ẹsẹ̀, pẹ̀lú ìrora bí iná. Ẹni tí ó bá mú lè wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Àgbẹ̀ kò ní lè lọ sí oko, ọmọ kò ní lè lọ sí ilé-ìwé, ìyá kò ní lè lọ sí ọjà. Kò sí òògùn tí ń pa á nínú ara. Nítorí náà ni àwọn Yorùbá fi sọ pé kí sòbìà tó dẹgbò ni a ti í ké sí Olúgànbe.

Ẹ gbọ́ ohun ìyanu kan. Lédè Lárúbáwá, orúkọ tí àwọn oníṣègùn àtijọ́ pe sòbìà ni “al-'irq al-madani”, ìyẹn iṣan ti Mẹ̀dínà. Ibn Sina, tí ó kú ní 1037, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìṣègùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà “'irq”, iṣan ni ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ bóyá aràn ni tàbí iṣan ara. Láàárín àwọn Yorùbá náà, àwọn kan gbà pé iṣan tí Ọlọ́hun dá mọ́ gbogbo ènìyàn ni, pé ó kàn ń yọ jáde nígbà tí ó bá wù ú ni. Ẹni tí ó bá gbà bẹ́ẹ̀ kò ní rí ìdí kankan tí yóò fi dá omi lẹ́bi.

Ní 1870, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà kan tí ń jẹ́ Fedchenko, tí ó ṣiṣẹ́ ní agbègbè Samarkand, wá ìdí rẹ̀ rí. Bí ẹni tí sòbìà ń yọ lára rẹ̀ bá ti ẹsẹ̀ bọ inú ọ̀gọ̀dọ̀, aràn náà yóò tú àwọn ọmọ rẹ̀ sínú omi. Kòkòrò kéékèèké inú omi yóò gbé wọn mì. Ẹni tí ó bá mu omi náà ti mu kòkòrò náà pẹ̀lú, lẹ́yìn bí ọdún kan ni sòbìà yóò sì yọ lára òun náà.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Láti 1870 ni ìmọ̀ yìí ti wà nínú ìwé. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, àwọn ará Ìdèrè, ìlú kan tí kò jìnnà sí Igbó-Ọrà, ṣì ń mu sòbìà nínú ọ̀gọ̀dọ̀ wọn. Ìmọ̀ kò sọnù o, kò kàn tí ì dé etí odò ni.

Ohun tí ó mú un dé ibẹ̀ ni àjọṣe. Àwọn olùkọ́ ètò ìlera láti Yunifásítì Ìbàdàn lọ sí Ìdèrè àti àwọn abúlé oko rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn gbà nípa sòbìà, wọn kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn abúlé yan ènìyàn láàárín ara wọn, wọ́n sì kọ́ wọn ní iṣẹ́ ìlera. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1980 sí 1989, wọ́n wá aṣọ asẹ́ tí ojú rẹ̀ wẹ́ gan-an, tí omi ń gbà kọjá tí kòkòrò kò lè gbà kọjá. Àwọn télọ̀ ìlú ni wọ́n rán an, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí abúlé yàn ni wọ́n sì ń tà á fún àwọn aládùúgbò wọn. Yunifásítì mú asẹ́ wá, ìlú mú abẹ́rẹ́, òwú àti ẹnu tí aládùúgbò gbà gbọ́ wá.

Irú iṣẹ́ báyìí ni wọ́n wá ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè. Nígbà tí a kọ́kọ́ ka àwọn tí sòbìà mú ní gbogbo Nàìjíríà ní apá ìparí àwọn ọdún 1980 sí 1989, iye wọn ju 650,000 lọ. Ní 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn. Ní 2013, àjọ ìlera àgbáyé jẹ́rìí sí i pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà. Ẹ rántí pé kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un, kò sì sí òògùn. Asẹ́, kànga tí ó dára, àti ìkìlọ̀ pé kí ẹni tí sòbìà ń yọ lára rẹ̀ má ti ẹsẹ̀ bọ omi mímu ni a fi ṣẹ́gun rẹ̀.

4. OMI TÍ Ó MỌ́ FÚN ÀLÙWÀLÁ ÀTI OMI TÍ Ó MỌ́ FÚN MÍMU

Ẹ̀yin ọmọ kéwú, omi ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ ìwé fìkíìhì. Ẹ ti kọ́ ọ pé omi tí àwọ̀ rẹ̀, adùn rẹ̀ tàbí òórùn rẹ̀ bá yí padà nípasẹ̀ ohun ẹ̀gbin kò ṣe é fi ṣe àlùwàlá. Ẹ sì ti kọ́ ọ pé Ànábì wa (S.A.W.) kọ̀ fún wa láti tọ̀ sínú omi tí kò ṣàn. Ìlànà tí ó dáàbò bo ìlú nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni tó mọ orúkọ kòkòrò kankan.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ronú dáadáa. Omi ọ̀gọ̀dọ̀ tí ó ní sòbìà nínú lè má ní àwọ̀, ó lè má ní adùn mìíràn, ó sì lè má ní òórùn. Omi kànga tí kólẹ́rà wà nínú rẹ̀ náà lè rí bẹ́ẹ̀. Èyí fi hàn pé omi kan lè tó fún àlùwàlá ní ìdájọ́ fìkíìhì, kí ó má sì tó fún mímu ní ìdájọ́ àwọn onímọ̀ ìlera. Ìdájọ́ méjèèjì kò ta ko ara wọn. Ọ̀kan ń dáhùn ìbéèrè ìjọsìn, èkejì ń dáhùn ìbéèrè àìsàn. Àáfà tí ó bá sọ pé òun mọ omi nítorí pé òun mọ fìkíìhì, tí kò gbọ́ ti ẹni tí ó fi awò wò ó, ó lè kó ìjọ rẹ̀ sí ewu. Onímọ̀ tí ó sì fi awò wò ó, tí kò wá bá àáfà, baálẹ̀ àti ìyálọ́jà sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò kú sínú ìwé bí ti 1870.

5. ÌBẸ̀RÙ TÍ Ó NÍ ÌDÍ

A mọ̀ pé àwọn òbí kan wà tí ń ti ilẹ̀kùn bí wọ́n bá rí ẹni tí ó mú ìwé àti kálámù wá bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ ìlera. A kò bú wọn. Ní 1996, nígbà tí àrùn yínrùnyínrùn ń pa ọmọdé ní Kano, ilé-iṣẹ́ òògùn kan láti Amẹ́ríkà dán òògùn tuntun wò níbẹ̀ nínú ètò tí ó kan ọmọ 200. Àwọn òbí sọ pé a kò jẹ́ kí àwọn mọ̀ pé ìdánwò ni. Ẹjọ́ náà pẹ́ nílẹ̀, ó di 2009 kí ilé-iṣẹ́ náà àti ìjọba Kano tó parí rẹ̀. Ìbẹ̀rù tí ó ti ibẹ̀ jáde wà lára ohun tí ó jẹ́ kí àwọn kan kọ àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ní òkè ọya ní 2003, àwọn ọmọ tí kò mọwọ́-mẹsẹ̀ ni ó sì jìyà rẹ̀.

Nítorí náà, títi ilẹ̀kùn kì í ṣe ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni ṣíṣí i láìbèèrè kì í ṣe ọ̀nà. Abèèrè kì í ṣìnà. Bí àwọn onímọ̀ bá wá bá wa, ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n ní ìbéèrè márùn-ún yìí:

(a) Láti yunifásítì tàbí ọsibítù wo ni ẹ ti wá, níbo sì ni ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tí ń yẹ irú ìwádìí báyìí wò wà?
(b) Kí ni ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa, ọ̀rọ̀ ẹnu ni tàbí ẹ̀jẹ̀, kí sì ni ẹ ó fi ṣe?
(d) Ṣé ẹni tí kò bá fẹ́ lè sọ pé òun kò ṣe, láìsí pé a ó fi ìtọ́jú dù ú?
(e) Ta ni yóò mọ àṣírí aláìsàn?
(ẹ) Nígbà wo ni ẹ ó padà wá sọ ohun tí ẹ rí fún wa, ní èdè tí a gbọ́?

Onímọ̀ òdodo kò ní bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí. Èyí tí ó kẹ́yìn ni ó wúwo jù, nítorí pé ẹni tí ó gba ọ̀rọ̀ lọ tí kò padà wá, àjọṣe kọ́ ni ó wá ṣe.

6. OHUN TÍ Ó KAN ÀWA ARÁ LÁFẸ́NWÁ

Láfẹ́nwá ni ibi tí ọjà, ọkọ̀, ojú irin àti odò Ògùn ti pàdé. Ibi tí èrò bá pọ̀ sí báyìí, àìsàn kì í pẹ́ tàn níbẹ̀, kólẹ́rà kì í sì í ṣe àlejò ní Abẹ́òkúta. Àwọn onímọ̀ kò jìnnà sí wa: Aro wà nítòsí, ọsibítù ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdí-Aba, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a dá sílẹ̀ ní 1988 wà ní Àlàbàtà. Kò yẹ kí a dúró títí wọn yóò fi rántí wa. Ẹ jẹ́ kí a ṣe mẹ́ta yìí.

Èkíní, kí ìjọ yan ìgbìmọ̀ ìlera kékeré, ọkùnrin àti obìnrin. Ẹ má ṣe fi obìnrin sẹ́yìn, nítorí àwọn ni ó ń pọn omi, àwọn ni ó sì ń kọ́kọ́ mọ̀ bí ara ọmọ bá gbóná.

Èkejì, kí àwọn ọmọ kéwú tí ó ti dàgbà bá ìgbìmọ̀ náà kọ iye kànga tí ó wà ní àdúgbò wa sílẹ̀: èwo ni ó ní ìdérí, èwo ni ó sún mọ́ ṣáláńgá jù, èwo ni omi òjò ń ṣàn wọ̀. Ìwé yìí ni kí ìgbìmọ̀ fi bẹ ilé ìlera tàbí yunifásítì pé kí wọ́n wá yẹ omi náà wò. Ẹni tí ó bá mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ kò lọ ṣagbe, ìpín tirẹ̀ nínú iṣẹ́ ni ó gbé dání.

Ẹ̀kẹta kan àwa àáfà. Bí a bá gbé ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ dàrú wá bá wa, kí a ṣe àdúà fún un, nítorí ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun ni ìwòsàn ti ń wá. Ṣùgbọ́n kí a má fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é, kí a má na án ní pàṣán, kí a sì má dá a dúró sọ́dọ̀ wa. Kí a sọ fún àwọn ẹbí rẹ̀ pé kí wọ́n mú un lọ sí Aro, kí ẹnìkan nínú wọn sì bá a lọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá àti ẹ̀gbọ́n ti ń ṣe ní 1954. Láti 2011 ni Aro ti bẹ̀rẹ̀ ètò tí ó fi ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìlera àdúgbò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn bí a ṣe ń dá àárẹ̀ ọpọlọ mọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí ó rọ́pò òfin àtijọ́. Òfin ti kúrò níbi tí ó wà tẹ́lẹ̀, kò yẹ kí àwa dúró síbẹ̀. Ànábì wa (S.A.W.) kọ́ wa láti wá ìtọ́jú, pé kò sí àrùn tí Ọlọ́hun sọ̀ kalẹ̀ àfi kí ó sọ ìwòsàn rẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí ìwòsàn wà tí kò júwe rẹ̀, kí ni yóò sọ lọ́jọ́ ìṣirò?

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN ỌMỌ KÉWÚ

1. Kí ni ìtumọ̀ “al-'irq al-madani” lédè Yorùbá, kí sì ni ó fà á tí a fi pè é bẹ́ẹ̀?
2. Kí ni yunifásítì mú wá sí Ìdèrè, kí sì ni àwọn ará ìlú mú wá?
3. Ṣàlàyé bí omi kan ṣe lè tó fún àlùwàlá tí kò sì ní tó fún mímu.
4. Lọ bá àgbàlagbà kan nílé yín, kí o bi í ní ohun tí ó mọ̀ nípa sòbìà, kí o kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì mú un wá sí kíláàsì.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní ìwòsàn, kí ó fi ìmọ̀ tí ó wúlò jíǹkí wa, kí ó sì má jẹ́ kí ìmọ̀ náà dúró sínú ìwé. Àmín. Wàsálámù.